Kọ̀ǹpútà Kan, Ẹnubodè Méjì

Ìbéèrè kan wà tí ó ń tọ̀ mí wá ní ọdọọdún, yálà láti ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti Kétu wá, tàbí láti ẹnu ẹni tí ó ti Atakpamé wá, tàbí láti ẹnu ọmọ Ẹ̀jìgbò tí a bí sí Treichville níhìn-ín gan-an. Ìbéèrè náà ni èyí: bí wáyà bá ti wà lára kọ̀ǹpútà mi, tí mo sì tún tan Wi-Fi, ǹjẹ́ mo lè lo méjèèjì pọ̀? Bí mo bá sì lò wọ́n pọ̀, ṣé íntánẹ́ẹ̀tì mi yóò yára ní ìlọ́po méjì?

Sí ti àkọ́kọ́, mo dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Sí ti èkejì, mo dáhùn pé rárá, àfi ní ọ̀nà kan tí n óò fẹnu bà níwájú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kì í ṣe ẹni tí a lè fi bẹ́ẹ̀ ni àti rárá rán lọ sílé. Olùkọ́ ni ẹ ó dà, àwọn ọmọ tí ẹ ó sì kọ́ yóò bi yín pé, “Kí ni ó fà á?” Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ la ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láti ìpìlẹ̀, kí n sì fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú òkun Abidjan yìí ní ọdún 2024 kún un, nítorí pé láìsí i ẹ̀kọ́ náà kò pé.

Káàdì méjì, àdírẹ́sì méjì

Nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká, irinṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan ni káàdì wáyà, tí ihò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà; bí ihò náà kò bá sí, a lè ra ohun kékeré kan tí a ń tì bọ ihò USB. Ìlànà tí káàdì yìí ń lò ni a ń pè ní Ethernet, tí wọ́n hùmọ̀ ní ilé-iṣẹ́ Xerox ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1973. Èkejì ni káàdì Wi-Fi, tí ń fi ìgbì rédíò ṣiṣẹ́, tí ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní 1997.

Káàdì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí a ti kọ mọ́ ọn láti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, ó sì tún ń gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó bá wọ̀. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí méjèèjì dàbí ọkùnrin kan tí ó ní ilé sí Ẹ̀jìgbò, tí ó sì tún yá yàrá sí Adjamé. Ẹnì kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí a kọ sí ilé kan kò ní í bá a ní ilé kejì. Ẹ fi àpèjúwe yìí sọ́kàn, nítorí pé a óò tún padà sí i.

Oníbodè àti owó ibodè

Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí ó ń wò ni bóyá ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ bá wà nínú ìlú kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Bí àdírẹ́sì ẹni náà bá jẹ́ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì wáyà, wáyà ni ọ̀rọ̀ náà yóò gbà. Bí ó bá jẹ́ ti Wi-Fi, Wi-Fi ni yóò gbà. Kò sí wàhálà níbẹ̀. Wàhálà ń bẹ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá ń lọ sí ẹ̀yìn odi.

Ní ayé àtijọ́, ìlú Yorùbá tí ó ní odi a máa ní ẹnubodè, oníbodè a sì jókòó níbẹ̀ láti gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ru ẹrù kọjá. Bákan náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan ṣe ní oníbodè tirẹ̀, èyí tí í ṣe àpótí kékeré tí àwọn ènìyàn ń pè ní ráútà tàbí, ní ìlú yìí, “box”. Ẹrù tí kò bá mọ ilé tí ó ń lọ nínú ìlú, ọwọ́ oníbodè ni a ń fi í lé. Kọ̀ǹpútà tí ó bá wà lórí wáyà àti Wi-Fi ní oníbodè méjì. Èwo ni yóò gbé ẹrù rẹ̀ fún?

Yóò gbé e fún èyí tí owó rẹ̀ bá kéré jù. Nọ́ńbà kan ń bẹ lára ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, tí kọ̀ǹpútà Faransé ń pè ní “métrique”, tí ti Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “metric”. Èmi a máa pè é ní owó ibodè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sì ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux, wáyà a máa ní 100, Wi-Fi a máa ní 600. Windows a máa ṣírò tirẹ̀ fúnra rẹ̀ láti inú bí káàdì ṣe yára tó. Lórí Macintosh, àtòjọ ni a ń lò, èyí tí ó bá wà lókè ni ó ń ṣíwájú. Ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà ṣe é, wáyà ni ó sábà ń jẹ́ olórí. Nítorí náà ni ó ṣe jẹ́ pé bí ẹ bá ti ki wáyà bọ kọ̀ǹpútà, Wi-Fi ti di ẹni tí ó jókòó láìṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì rẹ̀ ń tàn lójú ẹ̀rọ bí ẹni pé òun ni ó ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Ìdí tí kò fi di ìlọ́po méjì

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọkùnrin wa tí ó ní ilé méjì. Ó kọ lẹ́tà sí Paris láti Ẹ̀jìgbò, ó ní kí wọ́n fi ìwé ńlá kan ránṣẹ́ sí òun ní ewé ní ewé. Ẹ̀jìgbò ni àwọn ewé náà ń lọ. Bí ó bá dé àárín ọ̀nà tí ó tún kọ̀wé láti Adjamé pé kí wọ́n máa kó ìyókù wá síbẹ̀, ẹni tí ó wà ní Paris kò mọ̀ ọ́n rí ní Adjamé, yóò wí pé, “Ta ni ìwọ?” yóò sì sé ilẹ̀kùn. Bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìjíròrò kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láàrin àdírẹ́sì méjì pàtó ni ó wà, a kò sì lè là á sí méjì bí obì.

Àwọn onímọ̀ ti wá nǹkan ṣe sí i. Ìlànà kan tí ń jẹ́ Multipath TCP jáde ní 2013, wọ́n sì tún un ṣe ní 2020, ó fún ẹnì kan láyè láti sọ fún ẹni tí ó wà ní òkè òkun pé, “Èmi kan náà ni mo wà ní ilé méjèèjì.” Apple ti ń lò ó fún Siri láti 2013. Ṣùgbọ́n dandan ni kí ẹni tí ó wà ní òpin kejì gbọ́ èdè náà pẹ̀lú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi tí ẹ̀yin àti èmi ń lọ lójoojúmọ́ ni kò sì gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ tà yín ní ohun ìyanu kan tí yóò so wáyà àti Wi-Fi pọ̀ di ọ̀kan, ẹ bi í léèrè ẹni tí yóò gbọ́ èdè náà ní ìhà kejì kí ẹ tó yọ owó jáde.

Ohun tí ó rọrùn, tí ó sì wúlò ju ìlọ́po méjì lọ lójú tèmi, ni pé kí iṣẹ́ kan gba wáyà, kí iṣẹ́ mìíràn gba Wi-Fi, ní àkókò kan náà, lórí kọ̀ǹpútà kan náà.

Bí a ṣe ń ṣe é nínú yàrá kọ̀ǹpútà

Nínú yàrá tí mo ti ń kọ́ni ní Abidjan, kọ̀ǹpútà kan wà ní igun yàrá tí a kó àwọn ìwé, àwòrán àti iṣẹ́ àṣetiléwá sí. Wáyà ni ó so gbogbo tábìlì pọ̀ mọ́ ọn, wáyà náà kò sì jáde kúrò nínú ilé. Íntánẹ́ẹ̀tì ń ti Wi-Fi wá, nígbà mìíràn láti inú fóònù olùkọ́. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kígbe lé lórí ni pé bí wọ́n bá ti ki wáyà bọ̀ ọ́ láti ka ìwé, íntánẹ́ẹ̀tì yóò pòórá. Bí wọ́n bá sì fa wáyà yọ, íntánẹ́ẹ̀tì yóò dé, ìwé yóò lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ ti mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Àpótí wáyà náà ń pe ara rẹ̀ ní oníbodè, owó rẹ̀ sì kéré, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà kankan lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ẹrù tí ó ń lọ sí ẹ̀yìn odi ni kọ̀ǹpútà ń kó lọ bá a, wọ́n sì ń kú síbẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ méjì. Èyí tí ó dára jù ni kí a pàṣẹ fún àpótí wáyà náà kí ó má ṣe pe ara rẹ̀ ní oníbodè mọ́. Kí ó máa pín àdírẹ́sì nìkan. Bí a kò bá ní àṣẹ lórí àpótí náà, a óò sọ owó ibodè rẹ̀ di ọ̀wọ́n. Lórí Windows tí ó ń sọ Faransé, ẹ ṣí “Connexions réseau”, ẹ fi ọ̀tún tẹ káàdì wáyà, ẹ yan “Propriétés”, lẹ́yìn náà “Protocole Internet version 4”, “Propriétés” lẹ́ẹ̀kan sí i, àti “Avancé”. Nísàlẹ̀ ẹ ó rí “Métrique automatique”. Ẹ yọ àmì tí ó wà níwájú rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì kọ 500. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Wi-Fi pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ 10. (Ẹ má gbàgbé version 6, ó ní owó ibodè tirẹ̀ lọ́tọ̀.) Láti ìgbà náà lọ, ìwé tí ó wà ní igun yàrá yóò gba wáyà, nítorí pé inú ìlú ni ó wà, a kì í san owó ibodè láti lọ sí ilé aládùúgbò, ohun gbogbo tí ó kù yóò gba Wi-Fi.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Bí àpótí méjèèjì bá ń pín àdírẹ́sì tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.1, kọ̀ǹpútà kò ní í mọ ìlú tí ó wà mọ́. Ó dàbí kí ènìyàn wọ ọkọ̀ kí ó sọ fún awakọ̀ pé Sábó ni òun ń lọ, láìsọ bóyá ti Ìbàdàn ni tàbí ti Abẹ́òkúta. Ẹ yí ọ̀kan padà sí 192.168.50, ọ̀rọ̀ yóò sì tán. Bákan náà, orúkọ tí ẹ bá fún kọ̀ǹpútà igun yàrá lè má yé Wi-Fi. Bí orúkọ bá kọ̀, ẹ tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń fi lọ̀ yín pé òun lè so nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan, ẹ fi í sílẹ̀: ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ fún ẹni tí a kò pè.

Ọ̀nà tí ó wà lẹ́yìn ẹnubodè

Títí dé ibi yìí, inú ìlú ni mo ti ń sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ra wáyà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan, tí wọ́n sì ń fi fóònù ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe Wi-Fi, kì í ṣe nítorí ìwé igun yàrá, bí kò ṣe pé bí ọ̀kan bá kú kí èkejì má kú. Èrò rere ni. Kọ̀ǹpútà náà a sì máa ràn wá lọ́wọ́: bí ẹ bá fa wáyà yọ, kíá ni yóò kó ẹrù lọ sọ́dọ̀ oníbodè kejì. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé wáyà tí a fà yọ ni ó tètè ń rí. Bí wáyà bá wà nínú ihò rẹ̀, tí ọ̀nà sì ti bàjẹ́ ní ibi jíjìn, ó lè máa kó ẹrù lọ síbẹ̀ ní tirẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin já nínú òkun Abidjan: SAT-3, ACE, WACS àti MainOne. Wọn kò já lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ń já tẹ̀ lé èkejì láàrin wákàtí díẹ̀. Ní ọjọ́ náà, iná kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò wáyà ń tàn dáadáa, àmì Wi-Fi sì kún dé ẹnu, síbẹ̀ kò sí ibi tí a lè dé. Ẹni tí ó ń lo wáyà sáré lọ sí Wi-Fi, ẹni tí ó ń lo Wi-Fi ń wá wáyà kiri, wọ́n pàdé ara wọn lójú ọ̀nà. Ìdí rẹ̀ ni pé òpó tí fóònù ń bá sọ̀rọ̀ kì í gba afẹ́fẹ́ dé Yúróòpù. Ìgbì rédíò kò ju ìrìn díẹ̀ lọ; láti ẹsẹ̀ òpó náà, wáyà ni, wáyà náà sì ń lọ sí etí òkun kan náà tí wáyà ilé ń lọ. Láìbéríà, Gánà, Burkina Faso, Benin àti Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ náà kàn pẹ̀lú wa.

Ilé-iṣẹ́ MainOne kéde pé ìdákọ̀ró ọkọ̀ kọ́ ni ó fa tiwọn, nítorí pé omi jìn tó nǹkan bí kìlómítà 3 níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n fura sí pé ó mì. Àwọn tí ó mọ òkun wa wo ọ̀gbun tí ń bẹ níwájú ìlú yìí, tí àwọn Faransé sọ ní Trou-sans-Fond, èyíinì ni Ihò-Aláìnísàlẹ̀. Nítòsí odò líla Vridi, tí a ṣí ní 1950 kí ọkọ̀ òkun lè wọ inú ọ̀sà, ni ọ̀gbun náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń jìn lọ sínú òkun. Bí ẹrẹ̀ àti iyanrìn bá ya lulẹ̀ ní etí irú ọ̀gbun bẹ́ẹ̀, wọn a máa ṣàn bí odò lábẹ́ omi, wọn a sì máa fa ohun gbogbo tí ó bá dábùú ọ̀nà wọn já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ayé ti rí i rí: ní 1929, lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ nítòsí Newfoundland, wáyà tẹligíráàfù 12 já tẹ̀ léra wọn; ní 2020, ẹrẹ̀ tí ó ṣàn nínú ọ̀gbun odò Kóńgò já SAT-3 àti WACS. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wáyà ti wà nínú òkun wa. Láti 1886 ni ti tẹligíráàfù ti dé Èkó, nítorí rẹ̀ ni àwọn bàbá wa fi ń sọ pé a tẹ wáyà sí ẹnì kan.

Ẹ wá wo orílẹ̀-èdè méjì tí ó múlé ti ara wọn. Ní 2024, Benin ní wáyà abẹ́ òkun méjì, Tógò náà ní méjì. Ti Benin ni SAT-3 àti ACE. Méjèèjì ni ó gba inú òkun Abidjan kọjá, méjèèjì ni ó sì já. Ti Tógò ni WACS àti Equiano, èyí tí Google fà láti ilẹ̀ Pọtogí lọ sí Gúúsù Áfíríkà, tí ó gúnlẹ̀ sí Lomé ní oṣù Kẹta 2022. Equiano kò ya Abidjan. WACS já, Equiano dúró, kò sì dúró fún Tógò nìkan, nítorí pé ó gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ni ó sì sáré gba orí rẹ̀. Méjì àti méjì ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n méjì ti Benin jẹ́ ọ̀kan lójú ẹrẹ̀ tí ó ń ṣàn.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ fún mi pé òun ní ọ̀nà méjì nìyẹn: níbo ni wọ́n ti pàdé? Bí wọ́n bá pàdé ní etí òkun, wọn yóò gbà yín bí ilé-iṣẹ́ kan bá bàjẹ́ tàbí bí ajagbé bá gé wáyà ní Yopougon, wọn kò sì ní í gbà yín bí òkun bá ṣe bí ó ti ṣe. Ọ̀nà sátẹ́láìtì, bíi Starlink tí ó ti wà ní Nàìjíríà àti ní Benin láti 2023, yàtọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀; ṣùgbọ́n òun náà ń sọ̀kalẹ̀ sí ibùdó kan lórí ilẹ̀, láti ibẹ̀ lọ wáyà ni. Ẹ bèèrè ibi tí ibùdó náà wà.

Ní ọjọ́ náà, ẹ̀kọ́ méjì ni ó yẹ kí ó wáyé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn tí ìwé wọn wà ní òkè òkun tú ká kí agogo tó lu, ohun tí olùkọ́ wọn sì lè ṣe kò pọ̀. Àwọn tèmi ṣí ìwé láti kọ̀ǹpútà igun yàrá, a sì bá ẹ̀kọ́ lọ, nítorí pé wáyà ibẹ̀ kò dé òkun. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí wáyà wọn já kò purọ́ fún wa nípa àkókò: MainOne sọ pé àtúnṣe yóò gba ọ̀sẹ̀ 1 sí 2, yàtọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 tí ọkọ̀ àtúnṣe yóò lò láti kó irinṣẹ́ kí ó sì dé ibẹ̀. Ìdajì ìgbà ẹ̀kọ́ nìyẹn, ní ilé-ìwé tí kò bá ní nǹkan kan ní igun yàrá.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ lo kọ̀ǹpútà tí ó ní wáyà àti Wi-Fi. Ẹ kọ àdírẹ́sì rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ àti owó ibodè ọ̀kọ̀ọ̀kan (lórí Windows, “route print” ni ẹ ó tẹ̀, lórí Linux, “ip route”). Ẹ fa wáyà yọ, kí ẹ sì tẹ “tracert” pẹ̀lú orúkọ ilé-ìwé gíga kan ní Yúróòpù. Linux a máa pè é ní “traceroute”. Ẹ da àtòjọ àwọn oníbodè tí ó bá jáde kọ. Lẹ́yìn náà, ẹ pa Wi-Fi, ẹ ki wáyà padà, ẹ tún un ṣe. Ẹ gbé àtòjọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ sì fi pẹ́ńsùlù yí oníbodè àkọ́kọ́ tí ó bá wà nínú àtòjọ méjèèjì po. Bí kò bá sí oníbodè kan tí ó bá ara mu, ẹ má tíì yọ̀: tracert a máa fi oníbodè hàn, kì í fi ìsàlẹ̀ òkun hàn. Ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ méjèèjì, kí ẹ bi wọ́n ní orúkọ wáyà abẹ́ òkun tí wọ́n ń lò, kí ẹ sì mú èsì wọn wá sí kíláàsì.